Omi Ẹ̀yìn Odi

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí Tinúadé Jẹ́gẹ́dẹ́ jókòó nígbà tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pọ́n.

Ó ti sọ̀rọ̀ pẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú Òṣogbo lọ́jọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbà náà sì tutù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bó ṣe ń tutù láti ìgbà tí ìdìbò abẹ́lé Ẹgbẹ́ Àtùpà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó tutù. Ó sọ̀rọ̀ iná oòrùn tó fẹ́ gbé dé àwọn abúlé, ó tutù. Ó wá kan odi tó mọ sí etí òkun ní ìlú Òrèrè nígbà tó jẹ́ gómìnà, odi tó sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló gbé e síwájú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe tó bá débẹ̀. Ó ní bí òun bá wọlé, àwọn ará Òrèrè àti ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn yóò máa gbé nínú ilé bàbá wọn títí láé.

Ìmọ́lẹ̀ ewé náà ṣẹ́jú, ó sì pọ́n bí epo pupa.

Òun alára kò tètè rí i. Ojú àwọn èèyàn ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó jókòó níwájú gbé ọmọ rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì, kò sì gbójú kúrò lára ògiri náà. Nígbà tí Tinúadé wojú ọwọ́ ara rẹ̀, ó parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì jókòó.

Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ohun tó ń sọ kò dá a lójú. Láti ìgbà tí òfin ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ń du ipò ààrẹ máa wọ ẹ̀gbà níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé inú ọjà. Bí oníbàárà bá ní ibòmíràn ni wọ́n ti ń tà á lówó pọ́ọ́kú, ìyá ọlọ́jà á ní, "Ẹ̀gbà rẹ ń pọ́n o."

Bọ́wálé Fámúrewà, tó tẹ̀lé Tinúadé nínú ìdíje náà, kò tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde, ó ní bó bá jẹ́ tòun ni, odi náà á ga ju bó ṣe wà lọ, á sì gùn títí dé ibodè. Ẹ̀gbà tirẹ̀ tutù minimini. Ẹ̀gbà Fámúrewà kò pọ́n rí. Ní Ìbàdàn ó ní òun yóò dín owó orí kù, ní Ìlọrin ó ní òun yóò fi kún un, ó sì tutù níbi méjèèjì, nítorí ohun tó bá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́wọ́ ni ó máa ń gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ̀gbà kò mọ òtítọ́. Ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló mọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé Tinúadé àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìhà òkun kò tíì kúrò ní ibùdó tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ọ̀kan bèèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Òmíràn bèèrè bóyá ohun kan wà nínú iṣẹ́ odi náà tó yẹ kí ẹgbẹ́ ti mọ̀. Ẹ̀kẹta, tó ti ń tì í lẹ́yìn láti ìgbà èwe rẹ̀ nínú òṣèlú, fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ pé kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn jọ̀wọ́ àyè fún ẹlòmíràn nígbà tí ọjà ṣì ń tà. Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà tí ìpè náà dáwọ́ dúró, ó pa ohun èlò ìpè rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀gbà náà.

Ìpè wọn kọ́ ló ń dà á láàmú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun kò mọ̀ pé òun ń ṣiyèméjì. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìlú tí kò níye, ó sì tutù. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti pọ́n, ì bá búra pé ó dá òun lójú. Ó jọ pé ara rẹ̀ ti gbọ́ ìròyìn kan tí kò tíì sọ fún un.

Gbádébọ̀ Ṣówándé jókòó sí iwájú rẹ̀. Òun ni aránrọ̀ rẹ̀. Bí aránṣọ ṣe ń fi okùn wọn ara èèyàn kó tó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni aránrọ̀ ṣe ń wọn ọkàn olóṣèlú kó tó gé gbólóhùn fún un, kí ọ̀rọ̀ náà lè bá a mu láìfún un níbì kankan. Iṣẹ́ náà bá ẹ̀gbà wọlé ni. Gbádébọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó na ọwọ́ sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní, odi náà lágbára."

Ó sọ ọ́. Ó tutù.

"Ẹ ní, kò ní wó."

Ó tutù.

"Ẹ ní, kò sí ìgbì tó máa gun orí rẹ̀ kọjá."

Ó tutù. Gbádébọ̀ ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Bí ìyá tó ń tẹ inú ọmọ níhìn-ín lọ́hùn-ún láti mọ ibi tó ń dùn ún, ó ń fi gbólóhùn tẹ̀ ẹ́ kiri. Ó ní kó sọ pé àwọn tó mọ odi náà ṣe é tọkàntọkàn. Ó ní kó sọ pé kò sí ẹni tó jí nínú ohun èlò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan, ó ní, "Ẹ ní, ilẹ̀ ilé àwọn ará Òrèrè yóò máa gbẹ."

Ó pọ́n.

Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Gbádébọ̀ bi í pé bí odi kò bá wó, tí ìgbì kò sì gorí rẹ̀ kọjá, ọ̀nà wo ni omi fẹ́ gbà wọlé. Tinúadé ní òun kò mọ̀. Ẹ̀gbà tutù. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

Ọkọ̀ náà ti ń sún mọ́ igbó ọ̀pẹ Òkìtìpupa kí Tinúadé tó rántí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó ti bẹ Òrèrè wò, olórí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀, Màmá Olúwámbẹ́, sì gbà á lálejò. Lẹ́yìnkùlé obìnrin náà, ó rí agbada irin kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, tí wọ́n gbé ọlọ lé. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ìlú dé ibi pé ètè àwọn ọmọdé ń là, ṣùgbọ́n yanrìn tó yí agbada náà ká rin. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Màmá Olúwámbẹ́ sún wá dúró sí iwájú rẹ̀, ó sì bi í bóyá kí òun bu ẹja kún tirẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn gbà wọ́n, ó sì gbàgbé. Ara rẹ̀ ni kò gbàgbé.

Ó sọ fún Gbádébọ̀. Aránrọ̀ náà ní èyí kò le. Ó ní kó sọ pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò tíì rí odi tó lágbára tó ti Òrèrè. Ó sọ ọ́, ó sì tutù minimini. Gbádébọ̀ ní ó ti bá a mu, kí wọ́n má gé e, kí wọ́n má fi kún un. Kí wọ́n dúró sí Òkìtìpupa, kí wọ́n dé Òrèrè ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò gan-an, kí ó sọ ọ́ níwájú àwọn aṣojú, kí wọ́n sì máa lọ.

"Ẹ má wọ ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni o, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ohun tí ẹ ò bá rí kò lè pọ́n."

Ìmọ̀ràn dáadáa ni, Tinúadé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sùn nínú ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ agbada yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò tí wọ́n ní kó má ṣí. Nígbà tí wọ́n dúró ní Òkìtìpupa, ó ní kí wọ́n má sọ ẹrù kalẹ̀.

Odi Òrèrè ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ òkun bí kò ṣe nípa ohùn rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni èèyàn ń gbà wọ ìlú náà. Ọkọ̀ ojú omi tí oòrùn ń wà ló gbé Tinúadé dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ó fi Gbádébọ̀ sí ilé àlejò, òun nìkan ló rìn lọ sí ilé Màmá Olúwámbẹ́.

Ó bá a níbi tó ti ń tún awọ oòrùn ọkọ̀ kan ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà èwe: awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ọkọ̀ láti gba agbára oòrùn, bó bá ya, òun ló ń lẹ̀ ẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì dúró ṣinṣin. Ó kí àlejò rẹ̀ ní "Gómìnà", ó fún un ní àga àti omi, ó bi í léèrè ìrìn àjò. Tinúadé mu omi náà tán, ó sì gbé ife náà kalẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ wo ẹ̀yìnkùlé yín."

 Obìnrin náà wo ẹ̀gbà náà, ó bèèrè bóyá ó ń gbọ́rọ̀. Tinúadé ní kì í gbọ́rọ̀, ọkàn òun nìkan ló ń wò. Màmá Olúwámbẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó dìde, ó sì ṣáájú.

Àwọn méjèèjì ló jọ gbé ọlọ náà kúrò. Ìgbà tí wọ́n ṣí agbada, ihò kan tí kò tóbi ju ẹnu garawa lọ ló wà níbẹ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Omi náà mọ́ lóló. Tinúadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lódìkejì odi, níbi tí ojú kò tó, ìgbì kan na odi náà, ó sì rí i tí omi inú ihò náà ru sókè díẹ̀, tó sì padà sílẹ̀. Ó dúró de ìgbì mìíràn. Omi náà tún ru. Ó jọ àyà ọmọ tó ń sùn. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

 Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un ni pé kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Ó kàn ń wò ó ni. Ó fi gbogbo ọdún ìjọba rẹ̀ bá òkun jà láti iwájú, òkun sì ti rọra gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn.

Ó bi Màmá ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ní òjò ọdún kẹta sẹ́yìn ni. Ó ní òun da yanrìn sí i, ó mu yanrìn náà. Òun da àmọ̀ sí i, ó mu àmọ̀ náà. Ni òun bá dé e. Àwọn ọmọ òun pàápàá rò pé ejò ló wà níbẹ̀.

Ìgbà tí Tinúadé bèèrè ìdí tí kò fi sọ fún ìjọba, obìnrin náà wò ó bí ẹni pé ó yẹ kó ti mọ̀. Ó dárúkọ Òfin Ìṣípò. Ìlú tí òkun bá ti wọ̀, ìjọba yóò kó gbogbo èèyàn rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ yóò sì ṣẹ́ gègé lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí, ibi tí gègé bá bọ́ sí ni wọn yóò lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe Ẹ̀rúnnà nìyẹn, ìlú tí àbúrò rẹ̀ ti lọ́kọ. Àbúrò náà wà ní Kọ̀ǹtàgórà báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ wà ní Ọ̀fà. Ìyàwó tó jẹ́ ojúlé kejì sí wọn, tí wọ́n jọ ń yan ẹja fún ogójì ọdún, kò sí ẹni tó mọ ibi tí gègé gbé e lọ.

"Wọ́n fún àbúrò mi nílé," Màmá Olúwámbẹ́ wí. "Ilé náà dára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi èdè Ìlàjẹ kí i ní àárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni òkun ń bọ̀, ọmọ mi. Òfin, ọjọ́ kan péré ló ń gbà."

Ó di ọwọ́ Tinúadé mú, ó ní kó búra pé òun kò ní sọ ọ́. Tinúadé wo ẹ̀gbà rẹ̀. Ó ní òun kò ní dárúkọ ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó tutù. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ju ìyẹn lọ, yóò pọ́n, ó sì dákẹ́. Wọ́n gbé agbada náà padà, wọ́n gbé ọlọ lé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aṣojú pé jọ sínú àká ńlá tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, àwọn ará ìlú sì kún ìta rẹ̀. Fámúrewà kò wá fúnra rẹ̀. Ojú ògiri ló ti bá wọn sọ̀rọ̀, láti Lọ́kọ́jà, níbi tí ilé aṣòfin wà, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdìbò tó kẹ́yìn yóò ti wáyé. Ó ní òun yóò gbé odi náà ga sí i. Ó ní òun fẹ́ràn Òrèrè bí ìyá òun. Ó tutù.

Ìgbà tó kan Tinúadé, ọkùnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Ikúyinminú dìde láàárín àwọn aṣojú. Kò sọ̀rọ̀ yípo. Ó ní àwọn ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀: ṣé odi yìí dára, àbí kò dára?

Gbádébọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń wò ó. Tinúadé mí kanlẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò tíì rí odi tó lágbára tó ti Òrèrè. Ẹ̀gbà rẹ̀ tutù bí ewé. Ariwo ayọ̀ sọ nínú àká náà, ó sì gbà dé ìta. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ ara wọn. Gbádébọ̀ di ojú, bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ó kàn kù kí ó jókòó ni, ó sì jókòó lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n Ikúyinminú kò jókòó. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Bìní pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́ta, wọ́n ti ń bèèrè bóyá kí àwọn padà sílé. Òun ti ń fi ìdáhùn falẹ̀. "Ní báyìí tí mo ti gbọ́ láti ẹnu yín, Gómìnà, n ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. N ó kọ́ ilé sí ẹ̀yìnkùlé mi fún wọn."

Tinúadé wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì tutù. Ìmọ́lẹ̀ ewé náà dára lójú, ó sì dàbí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló dá a lójú, ọkùnrin yìí yóò sì gbé ọmọ mẹ́ta wá sórí omi nítorí rẹ̀. Ó dìde. Ó rí Gbádébọ̀ tó ń mi orí sí i, kò wò ó mọ́.

"Bàbá, ẹ má tíì pè wọ́n. Odi náà lágbára, ṣùgbọ́n mo ti rí omi òkun ní ẹ̀yìn rẹ̀, nínú ìlú yìí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló gbà wá. Mo tọ́ ọ wò fúnra mi."

Ó tutù.  Ẹnì kan láti ìta bèèrè ilé ẹni tó jẹ́. Tinúadé ní òun kò ní sọ. Ẹni náà tún bèèrè, ohùn rẹ̀ le. Àwọn mìíràn ti ń bèèrè pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan sì ń sọ pé irọ́ ni, pé ó fẹ́ tú ìlú wọn ká ni. 

Màmá Olúwámbẹ́ dìde láti ìlà iwájú. Ó ní, "Ilé mi ni." Kò fi ohun kankan kún un, kò sì jókòó.

 Lẹ́yìn náà Ikúyinminú fọwọ́ ti àga, ó sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó ní ibi tóun fẹ́ gbé ìpìlẹ̀ sí, ó ti ń rin láti ọdún tó kọjá. Òun rò pé bí òun bá da kọnkéré lé e lórí, yóò gbẹ. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Obìnrin kan ní abẹ́ ibùsùn òun ni tòun wà, òun ti ń fi aṣọ gbá a. Alàgbà ìjọ kan ní ẹ̀yìn pẹpẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lójú fèrèsé gbé ọwọ́ sókè lásán. Ọwọ́ ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú àká àti ní ìta, àwọn èèyàn sì ń wo ojú ara wọn bí àwọn tó sá pa mọ́ sí ibì kan náà láìmọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kálukú ti ń dé tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kálukú sì rò pé òun nìkan ni.

Ìgbà tí ó rọ̀ díẹ̀, wọ́n yíjú sí Tinúadé, wọ́n bèèrè ohun tó fẹ́ ṣe fún àwọn. Kò sí gbólóhùn tí Gbádébọ̀ rán sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní òun yóò yí Òfin Ìṣípò padà, kí gègé kúrò níbẹ̀, kí Òrèrè lè ṣí lódindi, ojúlé sí ojúlé, kí wọ́n tún tẹ̀dó sí ojú kan pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ó pọ́n. Ó pọ́n ju ti Òṣogbo lọ.

Kò fi ọwọ́ náà pa mọ́. Ó gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí i. Ó ní, "Ó pọ́n nítorí pé n ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà fún mi. Pé n ó gbìyànjú rẹ̀, ìyẹn dá mi lójú." Bó ṣe sọ èyí tó kẹ́yìn, ó tutù. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Wọ́n dìbò kí oòrùn tó kan àtàrí. Fámúrewà ló mú Òrèrè. Tinúadé rí ìbò díẹ̀, kò tilẹ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Kó tó dé etí ọ̀sà, wọ́n ti gbé e sí ojú ògiri ní gbogbo orílẹ̀-èdè pé kò sí níwájú mọ́, àgbà ẹgbẹ́ tó ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ sì tún pè. Kò gbé e.

Gbádébọ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ó kó ẹrù sí ẹsẹ̀, kò sì bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní òun gbìyànjú láti rán ọ̀rọ̀ tó sọ lónìí nínú orí òun, láti wo bí òun ì bá ṣe gé e tí ì bá fi tutù látòkè délẹ̀. Kò ṣeé gé. Ó bi í bóyá Lọ́kọ́jà ni wọ́n ń lọ síbẹ̀síbẹ̀. Tinúadé ní Lọ́kọ́jà ni.

Awakọ̀ ti fẹ́ tú okùn nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn èèyàn. Màmá Olúwámbẹ́ ló ń bọ̀ pẹ̀lú àpò kan léjìká, Ikúyinminú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan sì ń tẹ́ awọ oòrùn sórí ọkọ̀ tiwọn ní gbogbo etí ọ̀sà náà. Wọ́n ń to omi mímu àti gàrí sínú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, láti inú ọ̀sà bọ́ sínú odò Ọya, dé ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin. Obìnrin àgbà náà wọ inú ọkọ̀ Tinúadé láìtọrọ ìyọ̀ǹda, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kó má baà mì.

Tinúadé ń wò ó. 

"A ò dìbò fún ọ," Màmá Olúwámbẹ́ ní. "Ẹ̀rù ń bà wá láti dìbò fún ohun tó pọ́n. Ṣùgbọ́n a ò ní jẹ́ kí ìwọ nìkan lọ sọ ọ́ fún wọn."

Tinúadé sún fún un, ó sì jókòó.